Ẹni Tó Kọjá Ṣáájú Kò Bá Ọ Wọn Omi

Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹwàá, bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Ìbàdàn lálẹ́, mo ti mọ irú ọkọ̀ tó máa wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n á fi okùn wọ́ ọ wá, tàbí kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tì í wá tariwo-tariwo. Ẹni tó ni ín á máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò á ti rin dé orúnkún, ẹrẹ̀ á ti gbẹ mọ́ bàtà. N kò ní tíì béèrè nǹkan kan tó máa fi sọ ọ́: "Bàbá, mo rí i tí ọkọ̀ Máíkírà kan kọjá níwájú mi ni o. Kò sí ohun tó ṣe é." Ẹni náà lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ìyá tó ń kó ọjà lọ sí Bódìjà, ó sì lè jẹ́ awakọ̀ tó ti pẹ́ nídìí sítíárínì ju bí mo ṣe pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Gbogbo wọn ló rí ẹnìkan tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ sọ. Nínú gbogbo ohun tó ń ti èèyàn wọ inú àgbàrá, n kò tíì rí èyí tó burú tó o. Ẹni tó kọjá ṣáájú rẹ kò wọn omi náà, ó kàn kọjá ni. Ọkọ̀ rẹ̀ lè fi ìka mẹ́ta péré ga ju tìẹ lọ. Ibi tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ lè wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí tìẹ sì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn iná iwájú. Ó lè jẹ́ àárín ọ̀nà ló gbà, kí ìwọ sì gba ẹ̀gbẹ́ níbi tí gọ́tà wà. Àti pé omi tó la inú rẹ̀ kọjá ti lọ. Èyí tó wà níwájú rẹ báyìí, láti òkè ló ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ ga sí i láàárín ìgbà tí o fi ń wò ó tí o ń rò ó.

Ẹ tún ro ti ibi tí èmi jókòó sí. Àwọn tí mo ń rí ni àwọn tí omi dá padà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń bá mi ná owó iṣẹ́, wọ́n ń pe ilé pé àwọn ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn tí omi kò dá padà kì í wá sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ìtàn "mo wọ̀ ọ́, mo sì jáde" ló kún ìgboro, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ fi ń kọ́ iṣẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì ni mo máa kọ́kọ́ sọ, nítorí ojú mi ló ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé, ó ń pò ó mọ́ epo, pístìnì á gbéra láti ìsàlẹ̀, á fún un pọ̀ sí òkè, plọ́ọ̀gì á sì tanná sí i. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì onípístìnì mẹ́rin tó jẹ́ 1.3 lítà, àyè tó ń kù lókè pístìnì kan nígbà tó bá gòkè dópin kò ju nǹkan bí 40 mílílítà lọ. Ṣíbí ọbẹ̀ mélòó kan ti kún un. Bí omi tó ju bẹ́ẹ̀ lọ bá bá afẹ́fẹ́ wọlé, pístìnì á gòkè, á bá a níbẹ̀, kò ní rí ibi gbé e gbà, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí tagbáratagbára. Ohun kan gbọ́dọ̀ gbà fún èkejì. Kọ́nródù ló sábà máa ń gbà, irin tó so pístìnì mọ́ kíráńkì. Ó máa tẹ̀. Bí eré bá pọ̀, ó máa kán, ojú ibi tó kán yẹn á sì lu búlọ́ọ̀kù já sí ìta. A ti tú èyí tí ihò ara rẹ̀ gba ìkúùkù mi rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni omi kì í pa. Omi á kàn pa iná rẹ̀, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń wà á ló máa ń pa á, nígbà tó bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdààmú ló ń fà á, mo mọ̀, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn, omi ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kíkì á wá fi gbogbo agbára bátìrì ti pístìnì lu omi. Ohun tí à bá fi iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta tún ṣe ti di ẹ́ńjìnnì tuntun nìyẹn.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí wọn kò tíì tún yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá, ọmọ iṣẹ́ mi mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Á tú orí bátìrì. Á yọ éà fíítà, á gbọ̀n ọ́n wò. Á fa dípísítíìkì yọ, á nu ún sórí ìka: bí ọ́ìlì bá ti funfun, tó ń ki, omi ti dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, á fi sípánà di bóòtì iwájú kíráńkì mú, á máa yí i jẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá ti yí láìkọ́ ló tó máa ní kí ẹnìkan fún un ní kíkì. Ẹ má dúró síwájú rẹ̀ lásìkò yẹn. Omi á tú jáde lójú plọ́ọ̀gì, á ta kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi dúdú tó ń rùn fún epo. Ìgbà tí atẹ́gùn lásán bá kù tó ń fẹ́ jáde, ara mi á balẹ̀ díẹ̀. Bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, àti okùn iná abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀ o, ti àwọn ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nìyẹn, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kí ìyẹn tó yọjú: gíláàsì tí kò gòkè mọ́, iná ọkọ̀ tó ń tàn fúnra rẹ̀ lóru.

Mo ti pẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ wà ní Àgodi Gate, ó wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Ìwúwo omi ni mo ń bẹ̀rù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì kà sí.

Ẹ wò ó báyìí. Lítà omi kan, kílò kan ni. Omi tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni. Máíkírà tó kún ìgboro Ìbàdàn yìí kò gùn tó mítà mẹ́rin, ó fẹ̀ díẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ, ìwúwo rẹ̀ lófìfo kò sì jìnnà sí 900 kílò. Bí omi bá ti dé ìsàlẹ̀ pákó ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tó bá tún gòkè ń fi nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù gbé e sókè. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí omi bá fi ogún sẹ̀ǹtímítà ga ju pákó ẹsẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà kò tẹ ilẹ̀ mọ́. Táyà rẹ̀ kàn ń fọwọ́ kan ọ̀dà ni. O yí sítíárínì, kò gbọ́. O tẹ bíréèkì, bíréèkì mú táyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà kò mú nǹkan kan. Lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, omi kò tíì dé ojú gíláàsì, kò tíì dé ibi tó ń pè ní jíjìn rárá.

Ìyẹn bí omi bá dúró sójú kan. Èyí tó bá ń ṣàn tún ní agbára mìíràn tó fi ń ti ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àgbàrá tó ń sáré ní ìsàlẹ̀ òkè fi lè gbé ọkọ̀ lọ, kí omi tó jìn jù ú lọ sì máa dákẹ́ rọ́rọ́ níbòmíràn láìgbé nǹkan kan. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ fún àwọn ará ìlú wọn láti ọjọ́ pípẹ́: omi sẹ̀ǹtímítà 15 tó ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó sì lè gba ìdarí lọ́wọ́ awakọ̀, 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ léfòó, 60 sẹ̀ǹtímítà tó ń ṣàn á gbé jíìpù àti píkọ́ọ̀pù lọ. Ní Amẹ́ríkà kan náà yẹn, níbi tí iná ọ̀nà wà tí pátákó ìkìlọ̀ wà, ó lé ní ìdajì àwọn tó ń rì sínú ẹ̀kún omi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n wà wọ inú rẹ̀. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí oníjíìpù bá sọ fún mi pé tòun ga.

Ibi tí jíìpù pàápàá kò ti ní ọ̀rọ̀ sọ ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi. Ìbàdàn ni mo ń gbé, òkè àti àfonífojì ni ìlú yìí, Ògùnpa, Kúdẹtì, Ògbẹ̀rẹ̀ àti odò Ọ̀nà ló sì là á kọjá. Àwọn àgbà kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bo ilé àti ọjà, tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, tó gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ odò náà. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí mélòó kan tún mú kí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún kọjá ààlà, àwọn tó kú sì lé ní 100. Afárá bíi mélòó kan wó, ti Àpẹ̀tẹ̀ wà lára wọn. Láti ìgbà náà, ìjọba ti yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ ẹ̀kún omi ìlú yìí, a sì rí àwọn afárá àti kọ́fáàtì tuntun. Iṣẹ́ tó dára ni. Kò sọ pé kí a máa wa ọkọ̀ wọ omi.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń wa ọkọ̀ yékéyéké nípa afárá. Omi kì í sábà fi orí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń jẹ, níbi tí ọ̀nà ti pàdé kọnkéré, nítorí yẹ̀pẹ̀ ló wà níbẹ̀. Á máa bu yẹ̀pẹ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà tó wà lókè á sì dúró bó ṣe wà, ó nípọn díẹ̀, kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ kan lè kọjá, ìkejì lè kọjá. Táyà iwájú ọkọ̀ kẹta ló máa já a. Bí omi bá wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó pọ́n, tó sì jẹ́ lóru, ojú ta ló máa rí i? Bákan náà ni gọ́tà tí omi ti gbé ìdérí rẹ̀ lọ, tí a sì ń wò bí ẹni pé ọ̀nà tẹ́ títí dé ojú ilé. Nígbà tí ilà funfun àárín ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ títì bá ti pòórá lójú rẹ, ìwọ kò mọ ibi tí ọ̀nà wà mọ́, o kàn ń rántí rẹ̀ ni.

N kò lè dá awakọ̀ èrò lẹ́bi tán o. Ọkọ̀ tí púpọ̀ wọn ń wà kì í ṣe tiwọn. Owó tí wọ́n máa san fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kò mọ̀ pé òjò rọ̀. Èrò márùn-ún ló há mọ́ inú Máíkírà, wọ́n ń pariwo pé kó yára, ilé ti pè, ọmọ wà nílé nìkan. Ẹni tó bá dúró, wọ́n á ní ojo ni, ẹlòmíràn á sì sọ̀kalẹ̀ láìsanwó. Mo bẹ ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ mójú kúrò lára owó ọjọ́ òjò ńlá. Iye yẹn kò tó owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin èrò náà, ẹ̀yin ni ẹ sanwó, ẹ ní ẹnu. "Ó wà o, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀" tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù, ẹ sọ ọ́ kí táyà tó kan omi. Ìyá kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́rin tó kù sì bá a sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ náà kò rí ẹni gbé kọjá mọ́, ó sì dúró.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ ti wà nínú omi, tó kú, tí omi sì ń gòkè, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn lórí fóònù. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ kíákíá nígbà tí iná ọkọ̀ ṣì wà, nítorí tí omi bá dé ibi tí okùn rẹ̀ wà, bọ́tìnì kò ní gbọ́. Ẹ má fi agídí dojú kọ ilẹ̀kùn. Bí omi bá ga ní ìdajì mítà lára ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó mítà kan, ohun tó ń tì í padà lé ní 100 kílò. Alágbára pàápàá lè má lè ṣí i. Ojú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀nà. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ẹ fa ibi ìgbórílé síìtì yọ, irin méjì ló wà nídìí rẹ̀, ẹ fi ìdí irin náà gún igun gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Ti iwájú kò ṣeé fọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà láàárín. Ọmọdé ló máa kọ́kọ́ jáde, àgbà á sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Bí omi bá ń sáré, kí ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etí ọ̀nà: orí ọkọ̀ ni kí ẹ gùn, kí ẹ máa kígbe. Àgbàrá tó dé orúnkún ti ń gbé àgbàlagbà ṣubú, igi àti páànù sì wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ti bíréèkì kún un, nítorí àwọn tó ti jáde tán láyọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀. Bíréèkì tó rin kì í mú dáadáa. Ẹni tó jáde nínú omi, tó sì tẹ eré mọ́ ọ nítorí ayọ̀, ẹ̀yìn tírélà ló lè bá ara rẹ̀. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ọ́ìlì gíà àti bẹ́ríìnì táyà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí omi ti mu tún kan àwọn tó ń ra tokunbọ̀. Ìjì Katrina ní ọdún 2005 àti Harvey ní ọdún 2017 ba ọkọ̀ tí kò lóǹkà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, irú wọn sì máa ń gba ojú òkun dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ wọ́n mọ́. Ẹ fa bẹ́líìtì síìtì jáde títí á fi tán, kí ẹ wo apá tó máa ń ká pamọ́ sínú. Ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀, ilà ẹrẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ wo bóòtì abẹ́ síìtì náà, bí ó bá ti dípẹtà nígbà tí ara ọkọ̀ ń dán, ẹ bá tiyín lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni bí àkókò tí à ń sá fún ṣe kéré tó. Ilẹ̀ Ìbàdàn dagun. Omi tó yára kún títì ní ìlú wa yára lọ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ibi tí odò fúnra rẹ̀ ti kún bo bèbè, bí òjò bá ti dá, wákàtí kan tàbí méjì tó fún púpọ̀ nínú àgbàrá ojú títì láti fà. Ẹ wá ibi gíga, iwájú ilé epo tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ pe ilé. Bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ máa mọ́ kí omi tó lọ, ẹ sùn síbẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà mi kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Wọ́n á pè mí lóru, wọ́n á ní, "Bàbá, a dúró o, a wà níwájú ilé epo," èmi náà á sì bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ ti jẹun, bóyá aṣọ òtútù wà nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ rọ́bà wáípà ló ń gbé wọn wá.